Ọ̀nà Jíjìn tí Ìwé Ìjọba ń Rìn Kó Tó Dé Òjòkú

Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ Òkukù àti Ìkìrun wọ ilé ìwé láìsan tọ́rọ́. Àwọn ọmọ Òjòkú kò sí lára wọn. Èdè kan náà ni wọ́n jọ ń sọ, ọjà ara wọn ni wọ́n ń ná, ọmọ ara wọn ni wọ́n ń fẹ́. Ààlà tí ìjọba òyìnbó fà ló yà wọ́n. Ó fi Ọ̀fà, Òjòkú, Ẹ̀rìn-Ilé, Ìjàgbó àti Ìrá sí pròfíńsì Ìlọrin, Ìlọrin sì wà lábẹ́ Àríwá. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Willink wá gbọ́ ẹ̀dùn àwọn ẹ̀yà kéékèèké ní 1957 sí 1958, àwọn ará Ìlọrin àti Kàbà tí wọ́n fẹ́ lọ bá Ìwọ̀-Oòrùn sọ tẹnu wọn. Ìgbìmọ̀ náà gbọ́, ó sì fi ààlà sílẹ̀ síbi tó wà.

Ilé ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ni ààlà yìí kàn. Bí ọmọ Òjòkú bá ń wá ilé ìkàwé tí ìjọba tirẹ̀ dá sílẹ̀ nígbà náà, Kàdúná ni yóò forí lé. Ọ̀nà jíjìn ni nínú ọkọ̀ ojú irin, àwọn tó bá sì bá a sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, Haúsá tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò sọ. Láti ìgbà náà títí di òní, ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn ilé ìkàwé ìjọba ní agbègbè wa kò yí padà: olú-ìlú ni ìwé máa ń gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni í sì í jókòó sí. Olú-ìlú ti sún mọ́ wa láti Kàdúná dé Ìlọrin. Ìwé kò tẹ̀ lé e sún mọ́ wa tó bó ṣe yẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ fi ìwé han ilẹ̀ yìí. Ìlọrin ti jẹ́ ìlú ìwé láti ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nínú ilé àwọn àlùfáà, ìwé àfọwọ́kọ wà nínú àpò awọ àti àpótí, àwọn mìíràn lórí òfin ẹ̀sìn, àwọn mìíràn lórí gírámà Lárúbáwá, lórí ewì, lórí ìṣirò ogún. Ọmọ ilé kéú a kọ́kọ́ kọ́ lẹ́tà lórí wàláà, yóò fọ ọ́ nù, yóò tún kọ òmíràn. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá gún tán ni wọn yóò tó gbé bébà fún un. Ọ̀pọ̀ àlùfáà ló sì ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn ará Ìlọrin ń pè ní anjẹmí. Ní 1912, Ahmad ọmọ Abí Bakr kọ ìwé ìtàn àwọn ọba Ìlọrin ní èdè Lárúbáwá, ìwé tí àwọn onítàn ṣì ń tọ́ka sí di ọjọ́ òní. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété ti ní ibùdó kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwá irú àwọn ìwé àfọwọ́kọ bẹ́ẹ̀ rí kí ikán tó jẹ wọ́n tán.

Ìwé wà, ṣùgbọ́n ìwé onílé ni. Ẹni tó bá fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ mọ baálé, kó jẹ́ ọmọ kéú rẹ̀, tàbí kó ní ẹni tí yóò bá a bẹ̀ ẹ́. Bákan náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn ìjọ Kirisẹ́ńì nígbà tí wọ́n dé. Bíbélì, ìwé orin àti ìwé ABD wà fún ọmọ ìjọ, ìwọ̀nba ìwé yòókù wà nínú ilé tíṣà. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 ti jẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀ pé a lè tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá kí a sì tà á ní gbangba, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn kò tètè dé ọ̀nà wa. Rélùwéè ló mú un wá. Ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà kọjá, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ní Èkó lè sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Ọ̀fà pẹ̀lú aṣọ àti iyọ̀, kí ẹnì kan mú un lọ sí Òjòkú, kí ó kà á sókè, kí àwọn tí kò mọ̀wé sì gbọ́. Ìwé ìròyìn kan ṣoṣo lè gba ọwọ́ ogún ènìyàn kó tó di ohun tí wọ́n fi ń dì ẹ̀kọ. Ètò ìyáwèé nìyẹn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba kankan kò ní ọwọ́ níbẹ̀.

Ọwọ́ àwọn ará ìlú fúnra wọn sì le lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀fà ló dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943, owó tí wọ́n dá láàárín ara wọn ni wọ́n fi ṣe é. Mo rántí èyí nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé àwọn ará ìlú kékeré kò ka ìwé sí.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn tilẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé, kì í ṣe tiwa ló kọ́kọ́ rò. Ní Èkó, Lagos Library tí wọ́n ṣí ní 1932 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó Carnegie láti Amẹ́ríkà jẹ́ ilé ìkàwé alásansílẹ̀. Ẹni tó bá lè san owó ẹgbẹ́ ló ń wọ̀ ọ́, àwọn òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní òfin ilé ìkàwé gbogbo ènìyàn láti 1850. Ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù ní ilé wọn di ohun ìgbádùn àwọn ọ̀gá nígbà tó kọjá òkun. Ọdún 1946 ni Lagos Town Council àti British Council tó jọ dá ilé ìkàwé kan tí ará Èkó lásán lè wọ̀ sílẹ̀.

Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ló gba ọ̀nà tó tọ́ ṣáájú gbogbo wa. Bíṣọ́ọ̀bù John Aglionby ti Akra fi ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé ní 1946. Evelyn Evans, obìnrin kan tí British Council rán wá ní 1945, kò jókòó sí Akra kó máa retí àwọn òǹkàwé. Ó kó ìwé sínú ọkọ̀, ó sì ń gbé e lọ sí àwọn ìlú tó wà ní ìgbèríko, láti ilé ẹ̀kọ́ dé ilé ẹ̀kọ́. Ní 1949, wọ́n ṣe òfin tó dá Gold Coast Library Board sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1950. Òun ni ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé àkọ́kọ́ tí òfin dá sílẹ̀ fún odindi orílẹ̀-èdè kan ní gúúsù aṣálẹ̀ Sahara. Nígbà tí Kwame Nkrumah fi máa ṣí ilé ìkàwé àgbà Akra ní 1956, ọkọ̀ ìwé ti ń rìn nígboro àti ní oko fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n kọ́kọ́ rìn, kí wọ́n tó kọ́lé ńlá. Àwa ní tiwa, ilé la kọ́kọ́ máa ń kọ́.

Ìròyìn ohun tí Gánà ń ṣe dé Ìbàdàn. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ ọdún 1953, àjọ UNESCO pe àwọn olùtọ́jú ìwé àti àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ jọ sí University College níbẹ̀, láti jíròrò bí ilé ìkàwé gbogbo ènìyàn yóò ṣe gbèrú ní Áfíríkà. Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ló ká ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ jù. Wọ́n ṣe òfin ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé ní 1955, Kalu Okorie ló darí iṣẹ́ náà, ilé ìkàwé àgbà sì dìde ní Enugu ní 1959 pẹ̀lú ìrànwọ́ UNESCO. Ìwọ̀-Oòrùn, tó ná owó tó pọ̀ jù lórí ilé ẹ̀kọ́, kò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn ni ilé ìkàwé tirẹ̀ wà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka kan láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀ka. Mo ka èyí sí àṣìṣe ńlá nínú ìjọba kan tó ṣe dáadáa lọ́nà púpọ̀. Ibi tí òfin bá ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, a mọ ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, a mọ owó tó tọ́ sí i, a sì mọ ẹni tí a óò bi léèrè. Ẹ̀ka inú ilé iṣẹ́ ìjọba kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Bí owó bá ti dín, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé.

Àríwá ni tiwa, ibẹ̀ ni kí a padà sí. Nígbà ogun Hitler, ìjọba fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa gbọ́ ìròyìn ogun láti ẹnu rẹ̀, ó sì ṣí àwọn yàrá ìkàwé káàkiri. Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ nínú wọn bọ́ sọ́wọ́ N.A., ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ayé ìgbà náà tí ọba wà ní orí rẹ̀. Yàrá kan, tábìlì, bẹ́ǹṣì, ìwé ìròyìn, àwọn ìwé pẹlẹbẹ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìmọ́tótó: bí púpọ̀ nínú wọn ṣe rí nìyẹn. Wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí Àríwá ń pè ní Yaki da Jahilci. Kàdúná dá ilé ìkàwé ẹkùn sílẹ̀ ní 1952, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa pèsè ìwé fún àwọn yàrá wọ̀nyí. Gaskiya Corporation ní Sáríà àti àjọ NORLA tó tẹ̀ lé e tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà. Haúsá ló gba iwájú nínú iṣẹ́ wọn, bó sì ṣe yẹ nìyẹn fún ẹkùn tí Haúsá ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn Yorùbá tí ọmọ Òjòkú lè gbádùn, Ìbàdàn àti Èkó ló ti ń wá, láti òdìkejì ààlà. Ìwé Fagunwa àkọ́kọ́ ti jáde láti 1938. Ní àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn ń tẹ ìwé àtìgbàdégbà Àwòrẹ́rìn-ín fún àwọn ọmọdé. Bó bá dé Ọ̀fà, ẹnì kan ló rà á wá tàbí tíṣà kan ló kó o bọ̀ láti ìsinmi. Ilé ìkàwé kọ́ ló mú un wá.

Ní 1963, ìjọba Àríwá gba ìmọ̀ràn tó dára jù tí a tíì fún un lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin tó fún un ní ìmọ̀ràn náà ni F. A. Sharr, olùtọ́jú ìwé àgbà fún Ìwọ̀-Oòrùn Australia. Kì í ṣe èèṣì ni wọ́n fi lọ pè é. Ilẹ̀ Sharr fẹ̀ rẹpẹtẹ, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò pọ̀, ìlú kan jìnnà sí òmíràn gan-an. Ọ̀nà tó gbà níbẹ̀ rọrùn láti lóye. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni yóò ra ìwé, yóò to orúkọ wọn, yóò sì máa pàrọ̀ wọn láti ìlú dé ìlú. Ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò pèsè ilé àti ẹni tí yóò jókòó sí i. Ìlú tó ní ẹgbẹ̀ta ènìyàn kò nílò láti ra ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìwé. Ó lè ní ọgọ́rùn-ún méjì lọ́wọ́, kí ó dá wọn padà, kí wọ́n sì kó òmíràn wá. Sharr kọ ìjábọ̀ rẹ̀ lórí ohun tí Àríwá Nàìjíríà nílò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Kàdúná. Bí a bá fi ojú Òjòkú wò ó, kò sí ìwé ìjọba kan ní àkókò náà tó wúlò tó o. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbọn dún ní Kàdúná, Sàdáúnà, olórí ìjọba Àríwá, kú, ìjọba ẹkùn sì lọ.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, Ọ̀gágun Yakubu Gowon pín orílẹ̀-èdè sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Pròfíńsì Ìlọrin àti Kàbà di ìpínlẹ̀ kan tí a wá mọ̀ sí Kwara, David Bamigboye ọmọ Òmù-Àrán sì di gómìnà rẹ̀ àkọ́kọ́. Inú àwọn ènìyàn dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ní oṣù Kẹrin 1968, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó jáde láti inú Àríwá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún, wọ́n sì ń pín ogún Kàdúná: ọkọ̀, tábìlì, òṣìṣẹ́, àti ìwé. Owó ṣeé pín sí mẹ́fà kí ìpín kọ̀ọ̀kan sì ná bó ṣe yẹ. Ilé ìkàwé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá tú u ká, àwọn ìwé tí ẹnì kan fi ọdún mẹ́wàá tò kí ọ̀kan lè ran èkejì lọ́wọ́ á di òkìtì mẹ́fà tí kò pé. Ohun tó dé Ìlọrin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé ìkàwé Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ó yẹ kí ẹni tí kò bá rí i rí mọ bí ìwé ṣe ń di ti gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ìwé tuntun bá dé, wọn yóò kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà ńlá, nọ́ńbà tirẹ̀ nìkan ni yóò jẹ́ títí ayé. Wọn yóò fi òǹtẹ̀ ilé ìkàwé lù ú ní ojú ewé àkọ́kọ́ àti ní ojú ewé kan ní àárín, kí olè tó bá fa iwájú ya má lè fi pamọ́. Wọn yóò lẹ àpò bébà kékeré mọ́ inú ẹ̀yìn rẹ̀, wọn yóò ti káàdì bọ̀ ọ́, wọn yóò sì lẹ abala kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọn yóò máa tẹ ọjọ́ ìdápadà sí. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé, ní ìlànà tí Melvil Dewey ará Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní 1876. Ìtàn Nàìjíríà wà ní 966.9. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba gbogbo 820. Lítíréṣọ̀ Yorùbá, gbogbo rẹ̀ láti Fagunwa dé Ìṣọ̀lá, wà ní 896.333, ní ìparí pẹpẹ, lẹ́yìn tí lítíréṣọ̀ Yúróòpù ti kọjá. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan abala déètì inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò rí i bí òǹtẹ̀ ṣe tò lé ara wọn. Òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ènìyàn kan ló gbé ìwé náà lọ sílé, tí kò rà á, tí kò bẹ ẹnikẹ́ni, tí ó sì dá a padà. Èmi kò mọ ohun mìíràn tí ìjọba ń ṣe fún ará ìlú tó ní iyì bẹ́ẹ̀.

Owó epo rọ̀bì jẹ́ kí àwọn ọdún 1970 sàn. Kwara dá pólítẹ́kíníìkì sílẹ̀, ìwé ìròyìn Herald bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Ìlọrin ní 1973, kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì dé ní 1975, ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé fún gbogbo orílẹ̀-èdè sì bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Ilé ìkàwé ìpínlẹ̀ tó wà ní òpópónà Sulu Gambari di ibi tí gbogbo ọmọ ilé ìwé Ìlọrin mọ̀. Àwọn ẹ̀ka tó yọ, àwọn ìlú tó jẹ́ olórí àgbègbè ló yọ sí. Láti ìgbà tí JAMB, àjọ ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì, ti dé ní 1978, iṣẹ́ ilé ìkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbé ìwé tiwọn wá, wọ́n ń wá àga, iná àti ìdákẹ́jẹ́, wọ́n ń kàwé fún ìdánwò. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kan fẹ́ àga kò béèrè pé kí a ra ìwé, bí ọdún sì ti ń gorí ọdún, àwọn tó ń pín owó náà gbàgbé pé ìwé ni ilé náà wà fún.

Pínpín kò sì tán. Ní 1976, ilẹ̀ Ígálà kúrò ní Kwara bọ́ sí Benue. Ní oṣù Kẹjọ 1991, Kàbà, Òkènè àti Lọ́kọ́ja di Kogi, Borgu sì lọ bá Niger. Àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ ìhà ibẹ̀ di ẹrù wọn, ohun tó bá wà ní ilẹ̀ tó lọ di ti ìjọba tuntun, olú-ìlú tuntun sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkìtì ìwé díẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlélógún péré ló wà láàárín pínpín 1967 àti ti 1991. Èmi kò mọ ilé ìkàwé tó lè ta gbòǹgbò dé ìlú kékeré ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, nígbà tí gbòǹgbò àárín ń já ní gbogbo ìgbà.

Láàárín wọn ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, wọlé, ní 1986. Ní 1985, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Nígbà tó di 1993, ó ti ju ogún náírà lọ kí a tó rí dọ́là kan ní iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ fi lélẹ̀. Ìwé ilẹ̀ òkèèrè kò ṣeé rà mọ́. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn náà gbówó lórí, nítorí pé bébà, yíǹkì àti ẹ̀rọ ti ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń wá. Ibi púpọ̀ ni àwọn ilé ìkàwé ìjọba ti dáwọ́ ìwé rírà dúró pátápátá nígbà náà. Ẹni tó bá wo àwọn pẹpẹ ìwé nínú ọ̀pọ̀ wọn jákèjádò orílẹ̀-èdè yóò rí ọdún tí owó tán: ìwé 1979 wà, ti 1982 wà, lẹ́yìn náà ó dà bíi pé ayé kò kọ ìwé mọ́.

Kí wá ni ó fà á tí ilé ìkàwé kò fi bọ́ sípò nígbà tí owó tún wá sí orílẹ̀-èdè lẹ́yìn 1999? Mo ti wo òfin, ibẹ̀ ni mo sì rí ìdáhùn tó ká mi lára jù. Àfikún kẹrin ìwé òfin 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó dárúkọ ibi ìsìnkú àti ilé ìpẹran. Ó dárúkọ ọjà, gáréèjì, ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò, pátákó ìpolówó. Ó dárúkọ ìwé àṣẹ fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi àti bárò. Kò dárúkọ ilé ìkàwé. Nítorí náà, alága ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, tí Òjòkú wà lábẹ́ rẹ̀, lè lo ọdún rẹ̀ tán láìra ìwé kan, kò sì sí ẹsẹ òfin tí a lè fà yọ fún un. Ọ̀rọ̀ owó náà kò yàtọ̀. TETFund, tó ń gba ìdá kan nínú èrè àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ti di ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga nìkan láti 2011. Yunifásítì àti pólítẹ́kíníìkì ń rí owó ilé ìkàwé gbà níbẹ̀. UBEC wà fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele tó tẹ̀ lé e. Ilé ìkàwé tí ẹni tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ lè wọ̀, télọ̀, ìyálọ́jà, àgbẹ̀, ọmọ tó ń dúró de JAMB, kò ní àpò kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí gómìnà bá fún un lọ́dún ló ń rí. National Library, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1964, ní ẹ̀ka ní Ìlọrin, olú-ìlú náà ló sì wà.

Lónìí, ìwé kò wọ́n ní Ọ̀fà. Federal Polytechnic wà níbẹ̀ láti 1992, Adesoye College wà níbẹ̀ láti 1985, Summit University tẹ̀ lé wọn. Ilé ìkàwé wà nínú gbogbo wọn, géètì sì wà níwájú gbogbo wọn. Ará ìlú tí kò bá ní káàdì akẹ́kọ̀ọ́ kò lè kọjá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ìlú kékeré kò lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ró. Kí wọ́n lọ sí Ẹ̀sìẹ́, tí kò jìnnà sí wa. Àwọn ère òkúta ibẹ̀, tó ju ẹgbẹ̀rin lọ, H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ C.M.S., ló fi wọ́n tó ìjọba létí ní 1933. Ní 1945, wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù síbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Èkó kọ́ ni wọ́n gbé e lọ, Ìlọrin kọ́. Ìlú tí àwọn ère wà ni ìjọba lọ bá wọn, àlejò láti gbogbo ayé sì ń gba ọ̀nà ibẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Felicia Adétòwún Ògúnṣẹ̀yẹ náà fi irú ọgbọ́n yìí hàn ní Ìbàdàn. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ìmọ̀ ilé ìkàwé sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó wà ní yunifásítì tó ní ilé ìkàwé tó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè, ó sì rí i pé àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ kéékèèké tó ń gbé ní Abadina, nínú ọgbà yunifásítì kan náà, kò ní ìwé tí wọ́n lè kà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó dá ilé ìkàwé àwọn ọmọdé sílẹ̀ láàárín wọn gan-an, pẹ̀lú àwòrán, fíìmù àti eré. Orúkọ Abadina ṣì wà lára rẹ̀ títí di òní.

Àwọn aládùúgbò wa ní Bẹ̀nẹ̀ tilẹ̀ sọ ọ́ di ètò orílẹ̀-èdè. Ní 1986, pẹ̀lú àtìlẹyìn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àwọn ibùdó ìwé kíkà tí wọ́n ń pè ní CLAC, kó tó tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ti ní kì í ṣe olú-ìlú ni yóò wà. Ìlú kéékèèké àti ìgbèríko ló wà fún: ìwé, eré ọpọlọ, tẹlifíṣọ̀n àti fídíò, àti òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Àjọ àgbáyé ń mú ìwé àti ohun èlò wá, ìlú ń mú ilé wá, ìjọba ń san owó oṣù. Ohun tí Sharr ti ṣe ní ilẹ̀ tirẹ̀ ni, kìkì pé àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ rí i ṣe.

Fóònù ti wọ ọwọ́ gbogbo ènìyàn, mo mọ̀. Ó wúlò fún ìròyìn, fún ìwé pẹlẹbẹ, fún ẹni tó ní dátà. Kò tíì gba ipò yàrá kan tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè jókòó sí lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó mú ìwé aláwòrán mẹ́ta sílẹ̀, kí ó dá èyí tí kò wù ú padà, kí ó mú òmíràn.

Ilé kò sì nira fún Òjòkú. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kò wọ́n ní Ìbọ̀lọ́, agbègbè wa yìí, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, Àbújá àti Lọ́ńdọ̀nù ń dá owó gbọ̀ngàn ìlú, tánkì omi àti ààfin. Wọn yóò kọ́ yàrá ìkàwé bí a bá ní kí wọ́n kọ́ ọ, wọn yóò sì kó ìwé sí i ní ọjọ́ ìṣíde. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ọdún kejì, nígbà tí kò sí ẹni tí yóò san owó oṣù olùtọ́jú, tí àwọn ọmọ sì ti ka ogójì ìwé tó wà níbẹ̀ tán. Owó oṣù àti ìwé tó ń yí padà, ìjọba nìkan ló lè ṣe é láìdáwọ́ dúró, òun gan-an ló sì yẹ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kwara kọ sínú òfin: pé ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ya iye kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìwé, àti pé ilé ìkàwé Ìlọrin gbọ́dọ̀ máa pàrọ̀ ìwé fún gbogbo ìlú tó bá ní yàrá àti olùtọ́jú. Ọkọ̀ kan tó bá gbéra ní òpópónà Sulu Gambari ní aago méje àárọ̀ lè já ìwé sí Àjàṣẹ́-Ìpo, kó já sí Ọ̀fà, kó dé Òjòkú kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, kó kó ti oṣù tó kọjá, kí ó sì padà sí Ìlọrin kí ilẹ̀ tó ṣú.